Ẹyin Oòrùn Tó Kù ní Ìlú Òjìji

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará Ìpọ̀rọ̀. Ẹni tó dúró, kó wá ibi jókòó. Ẹni tó jókòó, kó má tòògbé, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fi oorun gbọ́. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀ ni, ilẹ̀ ṣì máa pẹ́ kó tó ṣú. Ìyá Sùnmọ́nú, jọ̀ọ́ pọn ọmọ yẹn kí ó lè dákẹ́. O ṣeun.

Ẹ mọ̀ mí. Bí ẹ̀yin kò bá tilẹ̀ mọ̀ mí, àwọn bàbá yín mọ̀ mí. Èmi ni Ọdẹ́tọ́kun tí ẹfọ̀n rí lókèèrè tó yà fún bí ẹni tó rí àna rẹ̀. Èmi ni mo bá iwin olórí mẹ́ta ja ìjàkadì lábẹ́ òjò, tí mo sì dá a nígbà mẹ́ta, nítorí orí kọ̀ọ̀kan ní òun kò gbà pé wọ́n dá òun àfi tí wọ́n bá dá a lójú òun. Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa nísinsìnyí o, nítorí bí a bá dé àárín ìtàn yìí, ẹ̀rín yóò wọ́n.

Ní ọdún tí mò ń sọ, irun orí mi ṣì dúdú kirimú. Àwa àti àwọn ará Ìsàgbé tó wà lódìkejì odò Ọ̀yì kò bá ara wa ja ìjà kan ju ìjà ààlà oko lọ. À ń fẹ́ ọmọ wọn, wọ́n ń fẹ́ tiwa. Àfi bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ta sí wa létí lọ́jọ́ kan: wọ́n ní Ìsàgbé ti ní Ẹyin Oòrùn.

Ẹ̀yin ọmọdé kò mọ Ẹyin Oòrùn. Kò tóbi ju àgbọn lọ, ara rẹ̀ sì gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe. Bí ó bá wà láìfọ́, ohun tí yóò ṣe kò ju pé kí koríko má hù mọ́ níbi tí wọ́n gbé e kalẹ̀, kí irun ẹni tó ń ṣọ́ ọ sì máa já sórí ẹní. Ṣùgbọ́n bí ó bá fọ́, oòrùn kejì ni yóò là lójú ilẹ̀, kò sì ní dúró ju ìṣẹ́jú kan lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú náà, kò sí ìlú mọ́.

Bí a ti gbọ́ èyí, oorun dá lójú gbogbo Ìpọ̀rọ̀. Àwọn ìjòyè ń pariwo láàfin pé a gbọ́dọ̀ ní tiwa. Ìlú kan wà, wọ́n ní, ní ìkọjá Igbó Ìdákẹ́rọ́rọ́, tí ọba rẹ̀ ní ẹyin méjì. Kí a rán ọdẹ lọ bẹ̀ ẹ́ kó ta ọ̀kan fún wa. Bí kò bá tà á, kí ọdẹ náà mọ ohun tí yóò ṣe.

Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ẹ gbọ́ ohun tí n kò sọ rí fún ẹnikẹ́ni nínú yín. Ẹ̀rù bà mí. Èmi Ọdẹ́tọ́kun, mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní, mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ọ̀rẹ́ mi Ọdẹ́yínká, tí a jọ kọ́ṣẹ́ ọdẹ lábẹ́ ọ̀gá kan ṣoṣo, wá kí mi. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi, ó sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ kọ́ ló ń dùn mí. Ó ní, “Sinmi, n ó bá ọ lọ jẹ́ iṣẹ́ náà.” Ó gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ èjìká, ó dé fìlà abetí-ajá rẹ̀, irú èyí tí àwa ọdẹ Ìpọ̀rọ̀ máa ń dé, ó lọ.

Odindi ọdún kan kọjá. Ọdẹ́yínká kò dé.

Ni ọba bá tún ránṣẹ́ pè mí. Lọ́tẹ̀ yìí n kò ní ẹsẹ̀ kankan tí mo lè dá ọ̀rọ̀ lé lórí. Mo dọ̀bálẹ̀. Ọba ní, “Ọdẹ́tọ́kun, gbọ́ mi yé. N kò fẹ́ kí a lo ẹyin náà. Mo fẹ́ kí a ní in ni, kí àwọn tó ní in má baà lò ó.”

Mo ní, “Kábíyèsí, bí àwọn náà bá ń sọ ọ́ báyìí lọ́dọ̀ tiwọn ńkọ́?”

Ó ní, “Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Dìde.”

Bí mo ti ń jáde, mo bá obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ààfin. Àbẹ̀jẹ́ ni, ìyàwó Ọdẹ́yínká, alámọ̀ tí kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo agbègbè yìí. Ó gbé ìkòkò kan sórí tí mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀: amọ̀ ni lóde, òjé ló yọ́ sínú rẹ̀ tó nípọn bí àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ọba ló ní kó mọ ọ́n, nítorí òjé nìkan ni ooru ẹyin náà kì í là kọjá.

Mo ní, “Àbẹ̀jẹ́, gbé e fún mi kí o padà sílé.”

Ó ní, “Ẹ̀yin kò lè gbé e. Bí ẹ bá sì lè gbé e, ẹ kò mọ bí a ṣe ń lẹ ọmọrí rẹ̀ pa. Àti pé, ọkọ mi ni mò ń wá lọ ní tèmi. Ẹyin kọ́.”

Kò wò mí lójú bó ti ń sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó bóyá ọkọ rẹ̀ sọ fún un nípa ẹsẹ̀ mi kó tó lọ.

A wọ Igbó Ìdákẹ́rọ́rọ́. Ẹyẹ ń la ẹnu níbẹ̀, a kò gbóhùn wọn. Ewé gbígbẹ ń fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa bí ìgbà tí ènìyàn tẹ òwú. Mo pe orúkọ ara mi láti fi dán ohùn mi wò, n kò gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo lójoojúmọ́ níwájú ilé mi, ẹ kò mọ adùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ keje, a dé oríta kan, iwin kan jókòó sáàárín rẹ̀. Afẹ̀rùjẹun ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí a kọ́kọ́ rí i, kò ga ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, mo sì ti ń múra láti fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tì í kúrò lọ́nà. Bí ó ti gbójú sókè báyìí, mo rí i pé kò ní ojú. Ihò méjì ló wà níbẹ̀, èéfín ń jáde nínú wọn. Àyà mi já. Bí àyà mi ti já, ó dàgbà níwájú mi, ó ga tó ọkùnrin. Mo yìnbọn fún un. Ọta ìbọn balẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀ bí ẹ̀pà. Àyà mi tún já, ó ga ju ọ̀pẹ lọ. Mo dì í mú lẹ́sẹ̀, mo fẹ́ dá a, ẹsẹ̀ náà ń nípọn sí i lápá mi bí igi ìrókò tó ń dàgbà. Ó na ọwọ́ sílẹ̀, ó fi ìka méjì gbé mi ní ọrùn ẹ̀wù, ó sì gbé mi dé iwájú ẹnu rẹ̀.

Níbẹ̀ ni a ti gbọ́ ohùn àkọ́kọ́ nínú igbó náà. Iwin ní, “Kí ni ohun tí ènìyàn ń mọ odi nítorí rẹ̀ kó má baà wọlé, tó sì jẹ́ pé òun gan-an ló ń bá wọn po amọ̀ odi náà?”

Ọ̀tá ni mo fẹ́ dáhùn. Olè ni mo tún fẹ́ dáhùn. Àbẹ̀jẹ́ ló sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀, ìkòkò rẹ̀ ṣì wà lórí, kò tilẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀rù ni. Gbé e sílẹ̀, a ń lọ.”

Iwin wò ó pẹ́. Ó ní, “Ìwọ obìnrin yìí, èé ṣe tí n kò fi lè ga lójú rẹ?”

Àbẹ̀jẹ́ ní, “Ohun tí mò ń bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀ sí mi.”

Ni Afẹ̀rùjẹun bá bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Ó kéré títí ó fi jọ òròmọdìẹ tí òjò pa, ó sì yà sápá kan lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí a ti ń kọjá, ó sọ lẹ́yìn wa pé, “Ìlú méjì lẹ́bàá odò Ọ̀yì ló ń bọ́ mi láti ọdún méjì sẹ́yìn. N kò yó tó báyìí rí.” Mo gbọ́ ọ. Ó yẹ kí n dúró kí n bi í ohun tó ní lọ́kàn. N kò dúró, mo yára ẹsẹ̀ sí i.

Ìlú tí a ń wá kò ní odi mọ́ nígbà tí a dé ibẹ̀. Ilé tí kò ní òrùlé, igi tí kò ní ewé, ilẹ̀ tó dán bí àwo. Lára àwọn ògiri tó kù ni a ti rí wọn: òjìji ènìyàn. Òjìji obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbálẹ̀, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òjìji ọmọ méjì tó ń fa okùn. Òjìji bàbá kan tó na ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ ká ọsàn. Kò sí ènìyàn níwájú ògiri tí òjìji náà ti lè wá. Ara wọn ti lọ, òjìji wọn ló kù. Ọ̀kan nínú ẹyin méjì ìlú náà ti fọ́.

Nígbà tí ọ̀sán bá sì kan gangan, tí òjìji tèmi àti tìrẹ bá sá pamọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀, àwọn tó wà lára ògiri yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohùn wọn kò ga. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn púpọ̀ bá ń ka nǹkan sínú. “Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.” “Ẹ bá mi pe ìyá mi.” “Kí ló mọ́lẹ̀ tó báyẹn?” Ohun kan náà, lójoojúmọ́.

Àwọn alààyè wà níbẹ̀ o. Àwọn tó lọ sóko jíjìn lọ́jọ́ náà ló padà wá. Wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan gba ẹnubodè, àwọn kan gba aká tí ọkà wà, àwọn yòókù gba kànga. Ẹni tó ní omi kò ní ọkà, ẹni tó ní ọkà kò lè jáde. Kànga náà pàápàá ti bàjẹ́. Ẹni tó bá mu ún, eyín rẹ̀ á mì. Àwọn ìlú tó wà nítòsí ti gbọ́, wọ́n sì ti wá ṣàánú wọn. Ìlú kan kó àga ọba mẹ́rìnlá wá kí wọ́n lè yan èyí tó bá wù wọ́n. Ìlú kan rán akéde méje wá láti kọ́ wọn bí a ṣe ń kéde. Ìlú kan kó aṣọ òkè wá láti fi ṣe ìwúyè. Kò sí ẹni tó gbé ọkọ́ kan wá. Nígbà tí ebi ń pa àwọn akéde náà, wọ́n kéde pé àwọn ń lọ, wọ́n lọ.

Obìnrin arúgbó kan ló ń ṣolórí àwọn tó wà lẹ́bàá kànga. Olúgbódi ni orúkọ rẹ̀, ìka mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo ní ọba wa rán wa sí wọn nítorí ẹyin tó kù. Ó wo èmi, ó wo ìkòkò, ó wo fìlà abetí-ajá orí mi, ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò lára fìlà náà.

Ó ní, “Ẹ kò ní dárúkọ ohun yẹn níhìn-ín. Bí ẹ bá fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ wa, ẹ gbẹ́ kànga tuntun fún wa ná.”

A gbẹ́ kànga. Kí n má purọ́ fún yín, kì í ṣe àánú ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹyin ni mo fẹ́ gbà. Àbẹ̀jẹ́ wá amọ̀ rere lọ sí ẹ̀yìn òkè níbi tí iná kò dé, ó ń mọ ọ́n ní òrùka ńláńlá tí a ó tò sínú ihò kànga kí omi búburú má baà jò sí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ju ọwọ́ wa lọ. Ni Àbẹ̀jẹ́ bá lọ sí ẹnubodè, ó ní, “Ẹ fún mi ní ọkùnrin mẹ́rin, ẹ ó mu nínú omi náà.” Ó lọ sí aká, ó ní, “Ẹ fún mi ní ọkà tí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ yóò jẹ, ẹ ó mu nínú omi náà.” Wọ́n kọ̀. Ó padà lọ. Wọ́n lé e. Ó padà lọ. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ará ẹnubodè fi ọkùnrin méjì sílẹ̀, àwọn ará aká rí i, wọ́n fi ọkà ránṣẹ́ pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́ta tí yóò ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Àwọn olùṣọ́ náà ṣọ́ títí ó sú wọn, wọ́n bọ́ ẹ̀wù, wọ́n wọ inú ihò. Wọ́n jà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀kan fi ṣọ́bìrì gbá ìkejì lórí. A di orí rẹ̀, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni. Lọ́jọ́ tí omi tó mọ́ kọ́kọ́ yọ, ọkùnrin tí wọ́n lù ló kọ́kọ́ bù ú, ó sì gbé e fún ẹni tó lù ú. Ẹ wò ó, mo ti pa erin mẹ́fà láyé mi, inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni Àbẹ̀jẹ́ lọ wá amọ̀ ní ẹ̀bá ààfin tó wó, níbi tí a kò tíì dé rí. Ọ̀sán gangan ni. Mo gbọ́ tí ìkòkò tó fi ń bu amọ̀ fọ́. Mo sáré lọ bá a.

Ó dúró níwájú ògiri kan. Òjìji tó wà lára ògiri náà gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ó dé fìlà abetí-ajá. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú sísàlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ hán nǹkan tó já bọ́.

Òjìji náà ń sọ̀rọ̀. “Mo bẹ ọba, ó kọ̀. Mo wọlé lọ gbé e. Ó gbóná. Ọwọ́ mi yọ̀. Ọwọ́ mi yọ̀. Ọwọ́ mi yọ̀.”

Àbẹ̀jẹ́ ní, “Ọdẹ́yínká.”

Òjìji dákẹ́. Gbogbo ògiri ìlú náà dákẹ́. Ó wá ní, “Àbẹ̀jẹ́, ṣé ìwọ nìkan lo wá?”

Ó ní, “Ọ̀rẹ́ rẹ wà níbí.”

Òjìji ní, “Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti san?”

Mo ṣubú sílẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ó bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, ìbá sàn fún mi. Ó ń béèrè bí ènìyàn ṣe ń béèrè àlàáfíà ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo dojú bolẹ̀, mo ní, “Ẹsẹ̀ kọ́ ló ń dùn mí, Yínká. Ẹ̀rù ló bà mí.” N kò mọ̀ bóyá ó gbọ́. Oòrùn ti yẹ̀ díẹ̀ lójú ọ̀run, ohùn ti lọ lára ògiri.

Nígbà tí mo gbórí sókè, Àbẹ̀jẹ́ ń wò mí. Ó wò mí lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti kúrò nílé. Ó ní, “Mo mọ̀.” Ó ṣa àfọ́kù ìkòkò rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀rọ̀ kejì ló wá ń jẹ mí lẹ́nu. Ọwọ́ ìlú wa ló fọ́ ẹyin náà. Gbogbo òjìji tó wà lára ògiri, àwọn ọmọ tó ń fa okùn, ìyá tó ń gbálẹ̀, ìránṣẹ́ Ìpọ̀rọ̀ ló pa wọ́n. Mo ti bá àwọn ènìyàn wọn jẹun nínú àwo kan náà fún oṣù mẹ́ta. Mo lè dákẹ́. Mo ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí, ẹ sì rí ohun tó bí. Mo lọ bá Olúgbódi níbi tó ti ń fa omi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo jẹ́wọ́.

Ó fa omi rẹ̀ tán, ó tú u sínú agbè. Ó ní, “Láti ọjọ́ tí ẹ ti dé ni mo ti mọ̀. Irú fìlà tó wà lára ògiri ààfin ló wà lórí rẹ.”

“Ìyá, èé ṣe tí ẹ kò fi pa wá?”

Ó ní, “Ta ni yóò gbẹ́ kànga?” Ó gbé agbè rẹ̀, ó sì fi kún un pé, “Ọmọ mẹ́rin tí mo bí wà lára àwọn ògiri yẹn. Má ṣe rò pé mo ti dárí jì ọ́. Dìde, kí n fi èyí tó kù hàn ọ́, kí ẹ dì í pa, kó má baà tún sí ẹni tí yóò wá a wá.”

Yàrá kan wà lábẹ́ ilẹ̀ ààfin. A sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kejì, Olúgbódi ṣáájú, Àbẹ̀jẹ́ ru ìkòkò òjé. Ẹyin náà wà lórí pẹpẹ, ó ń tàn díẹ̀díẹ̀ bí ohun tó ń mí. Ọkùnrin kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa. Ó gbé àpótí òjé sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan wà nítòsí ẹyin, ọwọ́ kejì dojú ìbọn kọ mí. Mo dojú tèmi kọ ọ́.

Ó ní, “Ẹ dúró síbẹ̀! Kújọrẹ́ ni mí, ọdẹ Ìsàgbé. Ẹ̀yin ará Ìpọ̀rọ̀ ti ní tiyín. Ẹ jẹ́ kí àwa náà ní tiwa.”

Mo ní, “Irọ́ lò ń pa. Ẹ̀yin lẹ ní in.”

“Àwa?” Ojú rẹ̀ yí padà. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Bí a bá ní in, kí ni mo wá ṣe níhìn-ín?”

Òógùn ń ṣàn wọ̀ mí lójú, n kò gbọ́dọ̀ nù ún. Ìka mi wà lórí ìbọn, tirẹ̀ wà lórí ìbọn, bí ọ̀kan bá sì dún, ẹyin yóò fọ́. Àbẹ̀jẹ́ ló rìn kọjá láàárín ìbọn méjèèjì. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n Kújọrẹ́, ọkọ mi wà lára ògiri lókè yìí. Ọ̀la, bí ọ̀sán bá pọ́n, ẹ lè lọ bi í bí ó ṣe gbóná sí. Ṣé ẹ ní ìyàwó nílé?”

Kújọrẹ́ ní, “Mo ní.”

“Ṣé ó mọ amọ̀ mọ, kó lè ru ìkòkò wá yín wá bí èmi?”

Ọkùnrin náà sọ ìbọn kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò fi ọwọ́ bojú. Mo sọ tèmi náà kalẹ̀. Àbẹ̀jẹ́ fi aṣọ wé ọwọ́, ó gbé Ẹyin Oòrùn bí a ṣe ń gbé ọmọ tuntun, ó gbé e sínú ìkòkò, ó fi òjé àti amọ̀ lẹ ọmọrí rẹ̀ pa. Kò jẹ́ kí èmi tàbí Kújọrẹ́ fọwọ́ kàn án.

Olúgbódi ní ẹyin náà kò ní sùn nínú ìlú àwọn mọ́. A gbé e lọ sínú ihò àpáta kan tó jìn sí ibi tí ènìyàn ń gbé. Ta ni yóò máa ṣọ́ ọ, tí yóò máa fi amọ̀ dí ìkòkò náà bí ó bá sán? Àbẹ̀jẹ́ ti kó ẹrù rẹ̀ síbẹ̀ kí a tó béèrè. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, “Láti ibí, mo lè dé ibi ògiri náà lọ́sàn-án kí n sì padà.” Mo fi í sílẹ̀.

Èmi àti Kújọrẹ́ jọ bọ̀ wálé. A ti bá ara wa mulẹ̀ lójú ọ̀nà pé òun yóò wọ gbogbo yàrá Ìpọ̀rọ̀, èmi náà yóò wọ gbogbo yàrá Ìsàgbé, kí olúkúlùkù lè fi ojú ara rẹ̀ rí òótọ́ kí ó sì lọ jẹ́rìí nílé. Mo mú un wọ ìlú yìí. Àwọn ìjòyè bínú, wọ́n ní ta ló gbọ́ ọ rí, kí ará Ìsàgbé máa tú ilé wa. Mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ dá a dúró bá mi jà ná. Kò sí ẹni tó jáde. Ẹ rántí pé mo sọ fún yín nípa olórí mẹ́ta.

Yàrá kan ṣoṣo ló kù láàfin. Ọba dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ní a kò ní wọ ibẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò dà bí ohùn ọba. Mo ní, “Kábíyèsí, Ọdẹ́yínká ti kú.” Ó yà kúrò lọ́nà.

A ṣílẹ̀kùn. Apẹ̀rẹ̀ kan wà lórí àga, wọ́n fi àrán pupa bò ó, olùṣọ́ méjì dúró tì í pẹ̀lú ọ̀kọ̀. Kújọrẹ́ ká àrán náà. Kò sí nǹkan kan nínú apẹ̀rẹ̀ náà. Àwọn olùṣọ́ pàápàá kò mọ̀; wọ́n ti ń ṣọ́ ọ láti ọdún méjì.

Ọba jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, “Mo kàn sọ fún àwọn oníṣòwò pé a ní in ni. Mo rò pé bí Ìsàgbé bá bẹ̀rù wa, wọn kò ní wá. N kò mọ̀ pé àwọn oníṣòwò yóò gbé e padà wá pé Ìsàgbé ló ní in.”

Àṣé ọ̀rọ̀ náà, ilé wa níbí ló ti jáde, tó wọ odò Ọ̀yì, tó sì padà wá bá wa bí àlejò. Ọba náà ti wàjà, àwọn ọmọ rẹ̀ wà láàárín yín. N kò sọ ọ́ láti fi dójú tì wọ́n. Èmi tí mo parọ́ ẹsẹ̀, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bú ẹni tó parọ́ apẹ̀rẹ̀?

Mo lọ sí Ìsàgbé. Mo wọ gbogbo yàrá wọn. Wọn kò ní ẹyin, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbẹ́ ihò tí wọn yóò gbé e sí. Mo dúró títí wọ́n fi dí i, mo bá wọn kó yẹ̀ẹ̀pẹ̀.

Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún, èmi àti Kújọrẹ́ ni a jọ ń lọ wo ìkòkò náà, a sì ń gbé amọ̀, oúnjẹ àti iyọ̀ lọ fún Àbẹ̀jẹ́. Ẹ̀yin rò pé ọdẹ ni mò ń lọ. Ìlú Òjìji ti ní òrùlé báyìí, wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n ń bímọ, wọ́n ṣì ń jà lórí ẹnubodè. Àwọn ọmọ wọn kì í ṣeré nítòsí ògiri lọ́sàn-án.

Ní ọdún tó kọjá, Àbẹ̀jẹ́ kò jẹ́ kí a dé ẹnu ihò àpáta. Ó dúró lókèèrè, aṣọ ló fi wé orí rẹ̀ nítorí kò sí irun níbẹ̀ mọ́. Ó ké sí wa pé ìkòkò ti sán lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún náà, òun ti dí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun ti ń gbọ̀n. Ó ní kí a má ṣe rán arúgbó wá mọ́. Ó ní kí a rán àwọn tó lè kọ́ amọ̀ mímọ, kí òun tó lọ bá ọkọ òun.

Kújọrẹ́ kú lẹ́ẹ̀rùn yìí. Ojú tèmi kò ríran dé ibi tí ẹ jókòó sí. Ohùn yín ni mo fi mọ̀ yín. Ìdí tí mo fi pè yín nìyí, kì í ṣe nítorí ìtàn.

Àdéhùn wa ni pé ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ máa lọ, ọ̀kan láti Ìsàgbé, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ wa, kó má baà sí ẹni tí yóò sọ pé òun kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọmọ Kújọrẹ́ tó jẹ́ obìnrin ti dé láti ìjẹta. Ó wà nínú ilé mi lẹ́yìn yìí, ó ti di ẹrù rẹ̀, ó sì ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí pé ta ni àwọn jọ ń lọ.

N kò tíì rí ohun tí mo fẹ́ sọ fún un.